Ìrìn Inú Odò

Aubenas, ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìdánìkanwà, ẹ kú ìfaradà. Ṣé orúnkún yín kò dùn yín mọ́ lówùúrọ̀? Ṣé ẹ̀ ń jẹun lásìkò? Mo mọ̀ pé etí yín kò gba tẹlifóònù mọ́, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Adjara yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, yóò sì fi fóònù ya èsì yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi kí i, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà gàdàgbà, kí ẹ má baà máa fi ojú wá a.

Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ kò dùn lẹ́nu mi. N kò ní lè wálé nínú oṣù kẹjọ. Mo tọrọ kóńjé, ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí n lè wà níbi Mísà ọdún kejì Màmá, kí n sì bá yín jẹ iṣu tuntun ní Savalou. Ọ̀gá wa obìnrin wo ìwé, ó mi orí. Ó ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni àwọn tó ní ọmọ nílé ìwé máa ń gba ìsinmi, ẹni tí kò bá ní ọmọ ni yóò dúró ti àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Mo ní èmi náà ní arúgbó tèmi nílé. Ó ní òun mọ̀, ó bá mi kẹ́dùn, ó wá pa ìwé náà dé.

N kò bá a jà. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìjà. Láàárọ̀ yìí nìkan, gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa ni mo gbé dìde lórí ibùsùn, mo wẹ̀ wọ́n, mo wọ̀ wọ́n láṣọ. Ẹ̀yìn mi ń ké. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mo máa ń jẹ́ ẹ, nítorí bí n kò bá jẹ́ ẹ, yóò pariwo títí di ọ̀sán.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi tan àbẹ́là kan fún Màmá.

Ọmọ yín,
Bérénice


Bantè, ọjọ́ kejì oṣù keje

Bérénice ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. Èmi Sévérin bàbá rẹ ṣì wà láàyè. Bí o bá gbọ́ pé mo kú, má gbà á gbọ́ àfi bí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ọ. Òjò ń rọ̀ dáadáa. Àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti ga jù mí lọ.

O ní o kò lè wá. Ó dára, mo ti gbọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé, mo mọ ohun tí ọ̀gá ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ ni. Nígbà tí ìyá rẹ kú, o ní káàdì ìgbélùú rẹ kò tíì jáde, pé bí o bá fi ilẹ̀ Faransé sílẹ̀ wọn kò ní jẹ́ kí o padà wọlé. A sin ín láìsí ìwọ. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé ọ̀rọ̀ káàdì ni. Ní báyìí káàdì ti jáde, mo tún ní láti sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ kóńjé ni. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí ni n ó pè é?

Hermann ẹ̀gbọ́n rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí n kó ẹrù mi wá sí ilé òun ní Savalou, pé kò yẹ kí àgbà máa dá gbé. Mo bi í pé kí ni n ó máa ṣe ní Savalou, níbi tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ ti ń sọ èdè Mahi, èmi tí n kò gbọ́ Mahi, tí n kò tilẹ̀ gbọ́ èdè ara mi dáadáa mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ó bá tiẹ̀ lọ.

Má fi àdúrà ṣeré. Àwọn arúgbó òyìnbó wọ̀nyẹn ti mọ ọwọ́ rẹ ju èmi tí mo bí ọ lọ. Mo kàn sọ ọ́ ni o. N kò bínú.

Bàbá rẹ


Bantè, ọgbọ̀njọ́ oṣù keje

Bérénice,

Mo kí ọ. Èmi ì bá béèrè bóyá àlàáfíà lo wà, ṣùgbọ́n mo ti fi ojú ara mi rí i pé àlàáfíà lo wà.

Clémentine ìyàwó Hermann wá kí mi lánàá. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó pariwo sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ wo àbúrò wa, ẹ wò ó bó ṣe rẹwà." Mo wọ awò ojú mi. Ìwọ ni mo rí nínú omi. Aṣọ lẹ̀ mọ́ ọ lára, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ń dà lé ọ lórí láti orí àpáta, o gbójú sókè, o la ẹnu gbàgà, ò ń rẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó tò lẹ́yìn rẹ sórí òkúta nínú aṣọ tí kò bo nǹkan kan.

Mo bọ́ awò ojú mi. Clémentine bi mí pé, "Ṣé kò dára ni, Bàbá?" Mo ní ó dára. Mo wọlé lọ.

Ṣé orí àwọn òkúta yẹn ni o ń tẹ́ àwọn arúgbó rẹ sí? Ṣé inú ihò omi yẹn ni o ti ń wẹ̀ wọ́n? Ọ̀gá rẹ kò fún ọ láyè láti wá jókòó ti bàbá rẹ níbi Mísà ìyá rẹ, ó wá fún ọ láyè láti lọ ṣeré lódò. Mo ti sọ fún fadà pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá. Ojú tì mí pé irọ́ ni mo pa fún un láìmọ̀.

Má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ìdílé yìí mọ́.

Sévérin


Aubenas, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìwé yìí dé òpin kí ẹ tó fà á ya.

Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ni. Ó ti pẹ́ tí n kò ti sinmi. Myriam, ọmọ Togo tí a jọ ń ṣiṣẹ́, bá mi ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mo jókòó sílẹ̀, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ mi, èkejì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀ bóyá mò ń wọ̀ ọ́ ni tàbí mò ń bọ́ ọ. Ó wò mí títí, ó ní, "Bérénice, ibí yìí ni wàá kú sí. Lọ́la, èmi àti Tanguy ń bọ̀ wá gbé ọ." Tanguy ni ọkọ rẹ̀, òyìnbó jẹ́jẹ́ kan báyìí. Mo ní n kò lọ síbì kan, oorun ni mo fẹ́ sùn. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n wá ń fọn fèrè mọ́tò lábẹ́ fèrèsé mi títí àwọn aládùúgbò fi ń bínú. Mo sọ̀kalẹ̀.

Odò kan tí wọ́n ń pè ní Beaume ni wọ́n mú mi lọ. Bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín yìí, oòrùn ló wà níbí, omi ti fà, àpáta ti yọ síta. Kò sí ojú ọ̀nà, inú odò gan-an ni ọ̀nà. Tibàtà tibàtà ni a fi wọ inú omi, a ń rìn lọ síbi tí ó ti ń ṣàn bọ̀. Ó ń mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń mu wá dé orúnkún, a ó gun òkúta, a ó tún sọ̀kalẹ̀. Òkúta funfun ni, ó gbóná bí agbada. Àwọn kòkòrò kan ń han lórí igi, wọn kò dákẹ́. Láàárín àpáta, omi ti gbẹ́ àwọn ihò rìbìtì rìbìtì, bí odó tí wọ́n ti ń gún iyán nínú rẹ̀ láti ìran dé ìran. Omi inú wọn mọ́ débi pé mo rí okùn bàtà mi nísàlẹ̀.

Bàbá, inú mi kò dùn o. Mò ń tẹ̀ lé wọn ni bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Àwọn ọmọdé ń fò láti orí àpáta, wọ́n ń ké tayọ̀tayọ̀. Mò ń wò wọ́n, mo sì ń rò ó pé èmi ni mo ní iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí a dé ibi tí odò ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta gíga kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Mo já sínú ibú. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀yin náà ni ẹ kò jẹ́ kí a lọ sódò nígbà èwe wa. Omi bò mí lórí. Mo mu ún. N kò mọ òkè, n kò mọ ìsàlẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn, Bàbá, kì í ṣe àdúrà. Mo kàn rò ó pé: ó dára, n kò ní láti jí láàárọ̀ ọ̀la. Mo bá jẹ́ kí apá mi rọ.

Tanguy ló gbá mi lọ́wọ́ mú, ó fà mí. Mo dìde dúró. Àṣé omi náà kò kọjá àyà mi! Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ dáadáa. Myriam ń pariwo lé mi lórí: "Kí ló dé tí o kò janpata? Kí ló dé tí o kò jà?" Mo ní n kò mọ̀.

Mo rìn lọ sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ náà nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi. Ó ń dà lé mi lórí, ó wúwo, ó tutù. Bàbá, ọjọ́ tí Màmá kú, inú ọṣẹ ni ọwọ́ mi wà nígbà tí Hermann pè. Bàbá arúgbó kan ni mò ń wẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí Hermann sọ, mo padà sídìí ẹni tí mò ń wẹ̀, mo wẹ̀ ẹ́ tán. Mo wẹ àwọn tó kù. Ara àwọn tí n kò mọ̀ rí ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló wá wẹ ìyá mi. Láti ìgbà náà n kò sunkún. Mo rò pé ilẹ̀ yìí ti fa omi ojú mi gbẹ ni. Abẹ́ omi yẹn ló ti wá. Mo figbe ta. Omi ń hó jù mí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò náà nìyẹn. Ẹkún ni, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀rín. Tanguy tó ya á kò mọ̀. Clémentine tó bi mí pé ṣé mo ṣì wà láyé kò mọ̀. Mo fi fọ́tò náà dá a lóhùn nítorí n kò ní okun láti kọ ọ̀rọ̀.

Ẹ dárí jì mí bí ó bá tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bérénice yín


Aubenas, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú Mísà Màmá. Ẹ kú ìnáwó ara. Ṣé ẹ jẹun lọ́jọ́ náà?

N kò rí èsì. Adjara ní òun fi ìwé mi lé yín lọ́wọ́, pé ẹ kà á níwájú òun lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ká a sínú àpò, ẹ gbàgbé fìlà yín síbẹ̀. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ tí òun kò rí yín lójú pópó. Mo pe Hermann. Ó ní, "Bàbá wà," ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ó pa fóònù. Níbo ni Bàbá wà? Clémentine kò gbé tirẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá bínú, ẹ bú mi. Ẹ kọ èébú náà sílẹ̀, n ó kà á, n ó fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́ mọ́ mi lórí. Bí mo bá ti ń gbé arúgbó kan dìde láàárọ̀, ojú yín ni mò ń rí.

Bérénice


Savalou, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án

Bérénice ọmọ mi, ọmọ Thècle,

Mo kí ọ, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o má bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló dá, egungun kékeré tó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ti dì í. Ilé Hermann ni mo wà. Ó ti borí mi.

Jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ bó ti rí.

Mo ka ìwé rẹ, n kò lè sùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún àti ẹ̀rín ló dà mí láàmú. Ibi tí o ti ní o jẹ́ kí apá rẹ rọ ni. Mo kà á, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Mísà dé, mo lọ, àwọn ènìyàn dì mọ́ mi, wọ́n ń kí mi, ojú mi gbẹ bí àwo. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo ránṣẹ́ pe Yacoubou, onízémì tó máa ń gbé mi lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Mo ní kó fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ sí Bobè.

O mọ̀ pé ọmọ Bobè ni ìyá rẹ. Nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ, ó sọ fún mi pé omi kan wà lẹ́yìn abúlé wọn, tó ń já láti orí àpáta nígbà òjò, pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọge ti ń fọ aṣọ, tí wọ́n ti ń wẹ̀, pé ọkùnrin kì í débẹ̀. Títí ó fi kú, n kò débẹ̀ rí.

Yacoubou pariwo sí mi létí: "Bàbá Tíṣà, kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo fẹ́ lọ wo omi."

Ó ní, "Omi wà ní Bantè."

Ṣùgbọ́n ó gbé mi lọ. Nígbà tí ọ̀kadà kò lè lọ mọ́, a sọ̀kalẹ̀. Koríko ti bo ọ̀nà. A wọ inú odò bí ẹ̀yin náà ti ṣe, mo bọ́ sálúbàtà mi, Yacoubou gbé e dání, ó ń rìn níwájú, ó ń bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Omi tiwa kò mọ́ bí ti ọ̀dọ̀ yín. Ó pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà. Mo ń fi ọ̀pá wádìí ilẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀. A sinmi, a rìn, a sinmi. Ó rẹ̀ mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí bú ara mi.

A débẹ̀. Kò ga ju òrùlé ilé lọ. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ihò wà nínú àpáta, rìbìtì, gẹ́gẹ́ bí o ti kọ ọ́. Ẹnìkan ti gbàgbé ọṣẹ sí etí ọ̀kan. Àwọn obìnrin ṣì ń lọ síbẹ̀.

Mo jókòó, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Mò ń dúró de ẹkún. Kò wá. Ebi ló wá. Mo tú iṣu sísè tí mo dì dání, mo bu ìdajì fún Yacoubou, a jẹun. Lẹ́yìn náà mo bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ni. Mo ní, "Thècle, Bérénice ṣubú sínú omi, wọ́n ti fà á jáde." Bí mo ti sọ ọ́ tán, gbogbo ara mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Yacoubou rò pé òtútù ni, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ̀ mí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni mo yọ̀. Èmi tí n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láyé yìí, mo gbọ́ egungun náà nígbà tó dá. Yacoubou pọ̀n mí sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó gbé mi gba inú omi yẹn títí dé ìdí ọ̀kadà. Òun ló ń sunkún. Hermann fi mọ́tò wá gbé mi ní Bobè. Láti ibẹ̀ dé Savalou ni ẹnu rẹ̀ ń lọ, n kò gbọ́ ẹyọ kan, mo kàn ń fi orí dá a lóhùn.

N kò ní ẹjọ́ kankan bá ọ rò mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Mo ti sin ẹnìkan. Bí omi bá tún bò ọ́, Bérénice, janpata. Ìbáà rẹ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ pé kò ju orúnkún rẹ lọ, bá mi janpata.

Bàbá rẹ


Aubenas, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnira. Ẹ kú ewu tó fò yín. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún Yacoubou.

Inú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni mo ti ka ìwé yín. Mo gbéra, mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ bàbá mi dá. Ó na ọwọ́ sí ìwé rẹ̀, mo ní kó má ṣí i. Mo ní, "Mò ń lọ sílé nínú oṣù kọkànlá. Bí iṣẹ́ bá dúró dè mí, mo dúpẹ́. Bí kò bá dúró, mo dúpẹ́." Ohùn mi kò lọ sókè. Ó wò mí, ó wá béèrè iye ọdún tí ẹ jẹ́. Mo sọ fún un. Ó ní bàbá tòun náà wà ní irú ilé bíi tiwa, ní ìlú mìíràn, pé láti Àjíǹde ni òun ti rí i kẹ́yìn. Ó gba ìbéèrè mi wọlé, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Nígbà tí mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Myriam ń kọ́ mi ní lúwẹ̀ẹ́. Mo ń mu omi púpọ̀, ṣùgbọ́n mò ń janpata.

Savalou ni n ó gbà tààrà, Hermann yóò wá pàdé mi ní Cotonou. Ẹ sinmi, ẹ má rìn káàkiri. Èmi ni n ó máa gbé yín dìde, n ó máa wẹ̀ yín, n ó máa fún yín lóúnjẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún ẹni tèmi náà.

Ọmọ yín,
Bérénice


Savalou, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá

Bérénice ọmọ mi,

Inú mi dùn, ara mi kò tíì dùn tó o, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Má wá sí Savalou. Mo ti sọ fún Hermann pé kó dá mi padà sí Bantè kí o tó dé. Ó fa ìbínú yọ, ó ní ṣé ẹsẹ̀ kejì ló kù tí mo fẹ́ dá. Clémentine ló gbè mí lẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ kì í ti ìrìn àjò dé kó lọ bá bàbá rẹ̀ nílé onílé." Hermann ní ilé òun ti wá di ilé onílé. A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Ó ti gbà báyìí, ó ní òun yóò máa wá wò mí ní òpin ọ̀sẹ̀.

Láràárọ̀ mo ń fi ọ̀pá rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi dé ìdí igi máńgòrò. Lánàá mo lọ, mo bọ̀, n kò jókòó.

Ọ̀rọ̀ wíwẹ̀ tí o kọ yẹn, mo kọ̀ ọ́. Ìwọ kò wá ṣiṣẹ́. Sùn ni kí o wá sùn. Mo ti sọ fún Adjara pé kó bá mi sá mátírẹ́ẹ̀sì yàrá rẹ sóòrùn, kó sì sọ fún àwọn aládùúgbò pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọ, kó dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mọ́tò yín bá wọ agbo ilé, Adjara yóò fọwọ́ kàn mí léjìká. Hermann ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ. Gbé àpótí rẹ sílẹ̀, kí o dúró lójúde. Yóò pẹ́ díẹ̀. Èmi ni n ó wá ṣí i.

Bàbá rẹ,
Sévérin